Alága Ilé Ìlagi

Gbogbo àdúgbò ló ń pe káfíńtà náà ní Ó-Ku-Díẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí èèyàn bá gbé iṣẹ́ fún un, tí ó wá wò ó lẹ́yìn oṣù kan, á bọ́ fìlà, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ku díẹ̀." Bí onítọ̀hún bá tún padà wá, tí ojú rẹ̀ ti ń le, á gbé àga fún un kó jókòó, àga oníbàárà mìíràn tí òun náà ṣì ku díẹ̀, á sì rọra sọ fún un pé, "Ẹ má bínú, díẹ̀ náà ló kù."

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá pè é ní ọ̀lẹ purọ́ mọ́ ọn, ó sì máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìrònú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá gbé pákó kalẹ̀, tí ó mú ayùn lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá ibí ni kí òun ti gé e ni àbí ọ̀hún. Bí ó bá gé e tán, á jókòó tì í, á máa rò ó bóyá ọ̀hún ni ì bá ti gé e. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí ìrònú bá ṣeé kàn ní ìṣó ni, òun ì bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ìlú.

Ilé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé, kò sì fi bò. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, yàrá mẹ́ta àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, pẹ̀lú àgbàlá gbọọrọ lẹ́yìn. Nígbà tí bàbá náà kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jogún rẹ̀. Ní apá kan àgbàlá ni Ó-Ku-Díẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ igi. Ní apá kejì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń yan búrẹ́dì. Ààrò onírin ńlá kan ni obìnrin náà ní, èyí tí wẹ́dà bá a jó, tí ó dúró lórí búlọ́ọ̀kù. Ohun tó bo ààrò náà lórí kò ju tapólì kan lọ, tí wọ́n so mọ́ òpó mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tapólì náà ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, omi á gbárajọ sí àárín rẹ̀, á yọ ikùn sísàlẹ̀, obìnrin náà á sì máa fi igi tì í sókè láti ìsàlẹ̀, tapólì á máa lọ, á máa bọ̀. Ní ọdún tó kọjá, ikùn náà bẹ́. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi odidi òwúrọ̀ pò ló bá omi lọ, inú ààrò sì di adágún. Àwọn tó máa ń ra búrẹ́dì láàárọ̀ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, àwọn míì nínú wọn kò sì padà mọ́.

Igi gẹdú mẹ́rin ni bàbá náà gbìn sí ìpẹ̀kun àgbàlá nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fara ti òrùlé aládùúgbò. Aládùúgbò fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó tún fi ohùn líle sọ ọ́, títí tí oníbúrẹ́dì fi ní kí wọ́n kúkú gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí wọ́n ti tóbi tó bí wọ́n ṣe máa tóbi. Wọ́n gé wọn. Wọ́n wá sùn gbalaja sínú àgbàlá bí erin tó rẹ̀.

"Igi bàbá mi nìyí," ni obìnrin náà sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ igi, èmi ò mọ̀ ọ́n. Òrùlé ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe sórí ààrò mi kí òjò tó dé. Bí ikùn yẹn bá tún bẹ́ lọ́dún yìí, ẹ ò ní rí mi nídìí búrẹ́dì mọ́. Mo ti sọ tèmi."

Ó ń bọ̀ lẹ́nu Ó-Ku-Díẹ̀ láti sọ ohun tó máa ń sọ. Ó gbé e mì.

Kí gẹdú tó di pákó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ là á, ayùn ọwọ́ káfíńtà kò sì lè jẹ irú igi bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Alágbèéká. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ló ń gbé ẹ̀rọ ìlagi tirẹ̀ sí, irin gbọọrọ méjì tó dà bí ojú irin rélùwéè, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń rìn lórí wọn. Ibi tí igi bá sùn sí ló ń bá a. Bó bá là á tán, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, á máa lọ. Oníbúrẹ́dì ti fọwọ́ sí èyí kí wọ́n tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un tán.

Ó-Ku-Díẹ̀ lọ bá Alágbèéká níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó bá a tó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù kan, tó sì ń bá ẹlòmíràn ṣàwàdà lórí èkejì.

"Ọ̀gá mi," ni Alágbèéká wí, láì gbé ìkankan kúrò létí, "ẹ sáà sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí n wá."

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ rò ó ná."

"Ẹ rò ó dáadáa. Ikán náà ń rò ó lọ́wọ́."

Ó-Ku-Díẹ̀ kò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Bí ó ṣe ń lọ sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn sí ọkùnrin náà lẹ́sẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jù. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu. Bó bá sì là á tán, ó lọ nìyẹn, kò sí ohun tó máa kù lọ́wọ́ èèyàn ju pákó lọ. Pé pákó gan-an ni wọ́n ń wá, ìyẹn kò sọ sí i lọ́kàn.

Ọ̀nà kejì kò sí tẹ́lẹ̀. Òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wá a rí. Ní òdìkejì ìlú, bàbá àgbàlagbà kan ní ilé ìlagi tí kò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá Onígẹdú ni wọ́n ń pè é. Onílẹ̀ ń béèrè ilẹ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin bàbá náà sì ń fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, bàbá bá fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé òun fẹ́ ta ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá rà á gbé e lọ. Ó-Ku-Díẹ̀ ní kí òun kàn yà wò ó. Kàn yà ni o.

Ayùn ibẹ̀ ga tó èèyàn. Irin rẹ̀ ń dán gbinrin, òróró tutù lára rẹ̀, bẹ́líìtì fífẹ̀ kan sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá Onígẹdú ta ẹ́ńjìnnì náà jí. Ilẹ̀ gbọ̀n. Ó gbé igi kékeré kan sórí tábìlì onírin, ó sún sẹ́yìn, ó sì nawọ́ sí irin tí wọ́n ń fà.

"Ẹ fà á fúnra yín, Alága."

Ó-Ku-Díẹ̀ wẹ̀yìn kó lè rí ẹni tí bàbá ń pè. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó fà á. Ayùn náà kọrin gooro, igi náà sì pín sí méjì láìjanpata, bí ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń gé búrẹ́dì gbígbóná fún àlejò. Èérún igi fò sí i lẹ́nu, kò tutọ́.

"Ẹ ò rí bó ṣe ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu?" ni bàbá wí. "Ó mọ ọwọ́ àgbà, Alága."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni ò pè é ní Alága rí. Wọ́n ti pè é ní káfíńtà, wọ́n ti pè é ní ọkọ oníbúrẹ́dì, obìnrin kan sì ti dúró sí ojú títì gbangba pè é ní olè nítorí kọ́bọ́ọ̀dù. Orí rẹ̀ wú débi pé fìlà fún un. Bó ṣe ń padà lọ sílé, ó rí i pé òun ń rìn ní àárín ọ̀nà, tí àwọn ọkọ̀ sì ń fọn fèrè mọ́ òun lẹ́yìn. Ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Ìyàwó rẹ̀ ń nu agolo búrẹ́dì nígbà tó wọlé.

"Mo ti rí ọ̀nà àbáyọ," ni ó wí. "A ò ní háyà ẹnikẹ́ni. A máa ra ilé ìlagi tiwa. Alága ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀ báyìí."

"Alága kí ni?"

"Alága ilé ìlagi."

"Ó dáa. Ta ni akọ̀wé?"

Ó ṣàlàyé. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti wọ àgbàlá, òun á kọ́kọ́ la igi bàbá rẹ̀, òrùlé ààrò á dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà gbogbo ẹni tó ní igi ní ìlú á máa gbé e wá. Ó ní háyà dà bí kí èèyàn máa yá ṣòkòtò wọ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní òun ò mọ̀ nípa ṣòkòtò, ṣùgbọ́n Alágbèéká lè wá lọ́la.

"Jẹ́ kí n rò ó," ni Alága wí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Bàbá Onígẹdú béèrè kí wọ́n tó dúnàádúrà. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ òun dúró nínú oòrùn àgbàlá ẹnikẹ́ni. Kí olùrà kọ́ ilé fún un ná, ilé tí kò ní ògiri, tí òrùlé rẹ̀ le, tí ó gùn tó kí odidi gẹdú lè wọlé láti iwájú kó sì jáde lẹ́yìn.

Ẹ wo Ó-Ku-Díẹ̀ nígbà náà. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan ro ẹsẹ̀ àpótí jí ní ọjọ́ kejì, ó gbẹ́ ihò òpó, kò sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé ibí ni àbí ọ̀hún. Pákó tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, àwọn tó ti rà kalẹ̀ láti fi ṣe bẹ́ǹṣì fún ilé-ìwé. Ó ní kí ló dé, bí ẹ̀rọ bá dé, òun á la àwọn bẹ́ǹṣì náà jáde bí ẹni ń gé èékánná. Àwọn páànù tó ti ń ṣàjọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a jà lé lórí pé ejò á wọ abẹ́ wọn, ó kó wọn gun òkè. Àwọn aládùúgbò jáde wá wòran. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Oníbúrẹ́dì wá dúró sí ìdí àkàsọ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó gbójú sókè.

"Olówó orí mi."

"Mo ń gbọ́."

"Ilé tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ fún ẹ̀rọ tí ò tíì dé yìí, ṣé kò ní rọrùn kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ tèmi tó ti wà níbí?"

"Tìrẹ ń bọ̀," ni ó dáhùn, ìṣó sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ó ku díẹ̀."

Obìnrin náà wo tapólì rẹ̀, ó wo òrùlé tuntun náà, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó pariwo ni, Ó-Ku-Díẹ̀ ì bá ti mọ ohun tó máa fi dá a lóhùn.

Nígbà tí ilé ẹ̀rọ náà parí, tí ó parí pátápátá, ó dúró sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń wá ohun tó kù. Kò rí i. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó lọ ra ọ̀dà, ó gbé pákó fífẹ̀ kan tó kù, ó fá a títí tó fi ń dán, ó sì fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ILÉ ÌLAGI ALÁGA.

Ọ̀dà kò tíì gbẹ nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọlé. Obìnrin náà ga, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo èèyàn bí ẹni pé wọ́n pẹ́ dé kíláàsì.

"Káfíńtà, bẹ́ǹṣì mi ńkọ́?"

"Ẹ káàsán, mà. Ó ku díẹ̀, mà."

"Mo fẹ́ rí díẹ̀ tó kù náà." Ó wo ìsọ̀, ìsọ̀ ṣófo. Ó wo ilẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó tẹjú mọ́ òrùlé. Àmì ẹfun tí òun fúnra rẹ̀ fà sára pákó lọ́jọ́ tó wá yàn wọ́n ṣì hàn kedere lára igi òrùlé. "Káfíńtà, ṣé bẹ́ǹṣì mi nìyẹn lókè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, wọ́n ń sinmi níbẹ̀ ni."

"Ṣé kí n kó àwọn ọmọ wá jókòó síbẹ̀?"

Ó tọrọ àforíjì títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí èèyàn bá ti fẹ́ di ńlá, àwọn kan gbọ́dọ̀ dìde dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó tilẹ̀ rí i pé gbólóhùn náà dára. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò ní bẹ́ǹṣì, àwọn ni wọ́n dìde dúró.

Ó wá lọ parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú Bàbá Onígẹdú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Ó sọ iye tí òun ní, bàbá sì fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Kò tó. Kò sún mọ́ ọn rárá. Ó-Ku-Díẹ̀ ti ń wo fìlà rẹ̀ pé bóyá kí òun máa dé e lọ, bàbá bá ní, "Mo gbọ́ pé gẹdú mẹ́rin kan wà ní àgbàlá yín, Alága. Ẹ kó wọn kún un. Mo mọ ẹni tó máa wá fi ọkọ̀ kó wọn lọ́wọ́ mi."

Ó-Ku-Díẹ̀ ronú. A gbọ́dọ̀ sọ èyí nítorí rẹ̀: ó ronú gan-an. Ó fi ojú inú wo gẹdú mẹ́rin náà, ó wo ẹ̀rọ, ó wọ̀n wọ́n síra wọn bí ó ṣe máa ń wọn ilẹ̀kùn sí férémù, ó sì rí i pé wọ́n wọ ara wọn géérégé. Kò sí àlàfo kankan. Ó bọ bàbá lọ́wọ́.

Ó ń súfèé nígbà tó wọ àgbàlá. Ìyàwó rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun.

"Ó ti parí! Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ bọ̀."

"Ẹ kú oríire. Owó tẹ́ ẹ ní ṣe wá tó?"

"Kò tó. Mo fi nǹkan kún un."

"Kí lẹ fi kún un?"

"Igi."

"Igi wo?"

"Igi tó wà nílẹ̀ yìí náà."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú ìyẹ̀fun. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò.

"Bí ẹ̀rọ bá wá dé, kí la máa là?"

Ó-Ku-Díẹ̀ la ẹnu. Ó ti ní ìdáhùn sílẹ̀ fún ìbéèrè púpọ̀: nípa epo, nípa ariwo, nípa ohun tí aládùúgbò máa sọ. Èyí kò sí nínú wọn.

"Igi àwọn ará ìta."

"Àwọn wo? Ẹ dárúkọ ẹnì kan."

Ó-Ku-Díẹ̀ na ìka kan láti kà, ó tún ká a padà.

"Omi tí wọ́n bá fi wẹ̀ fún mi nígbà tí mo kéré," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "bàbá mi kì í dà á nù. Ìdí igi wọ̀nyẹn ló máa ń dà á sí. Ó ní kí àwa márààrún jọ dàgbà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ tà á, kí n mọ̀ pé ọkọ mi ta igi mi. Ẹ má ṣáà sọ fún mi pé ẹ fi ra ayùn tó máa là á."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun. Ó-Ku-Díẹ̀ jáde, ó lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn gẹdú náà. Ó gbìyànjú láti bínú sí i, kò rí ibi dì í mú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó rí ara rẹ̀ lójú inú, òun Alága, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń bú ramúramù, tí èérún igi kò sì fò, torí kò sí igi. Ìyàwó rẹ̀ sì wà lábẹ́ tapólì nínú òjò, ó ń fi igi ti omi sókè. Ó rí i pé òun ti wọn ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mẹta àyàfi ohun tí wọ́n rán òun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jókòó sí, ikán ti fi erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ọ̀nà gun ara igi. Àwọn ti rò ó tán.

Ọ̀nà ilé Bàbá Onígẹdú gùn lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ títì ló rìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn… Ìyàwó mi béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

"Ó béèrè ohun tẹ́ ẹ máa là," ni bàbá wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bàbá Onígẹdú rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti ta ẹ̀rọ yìí! Ẹni tó bá wá, á bọ̀ mí lọ́wọ́, á lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ á béèrè ọ̀rọ̀ kan péré, á padà wá pẹ̀lú irú ojú tó o gbé wá yìí." Ó mú àkísà olóróró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara ayùn náà, ibi tí kò dọ̀tí rárá. "Kò dùn mí. Bí wọ́n bá ti ń padà wá bẹ́ẹ̀, mò ń rí nǹkan sọ fún ọmọ mi pé n kò tíì lè kó wá. Ilé rẹ̀ mọ́ jù fún mi. Bá mi kí ìyàwó rẹ."

Ó-Ku-Díẹ̀ rí i pé "ẹ" ti di "o". Kò lè ṣe kó má béèrè.

"Alága tẹ́ ẹ̀ ń pè mí ńkọ́, Bàbá?"

"Èwo nínú wọn? Ẹni tó ń ta epo dísù fún mi, Alága ni. Ẹni tó wá gba owó iná, Alága ni. Ọmọ mi, máa lọ sílé kí òjò tó ká ẹ mọ́nà."

Òótọ́ ni, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ó-Ku-Díẹ̀ fi fóònù pe Alágbèéká lójú ọ̀nà. Kò sọ pé òun fẹ́ rò ó. Ó ní, "Máa bọ̀ báyìí." Alágbèéká bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀sán, ó tẹ́ irin rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹdú kìíní, ó sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí pákó àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n bí iyanrìn odò, ìlà inú igi sì ṣàn lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníbúrẹ́dì wá fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun kàn án, ojú ọwọ́ rẹ̀ sì hàn funfun lára rẹ̀. Alágbèéká pàápàá gbé fóònù sápò fún ìṣẹ́jú kan.

Wọn ò tíì la gẹdú kejì dé ìdajì nígbà tí òjò dé. Kò ṣe bí ẹni ń bọ̀, ó kàn já lulẹ̀ ni. Kí wọ́n tó pajú dé, tapólì ti yọ ikùn. Oníbúrẹ́dì sáré mú igi, ó ti omi sókè níhà kan, ó wú níhà kejì.

"Ẹ gbé ìyẹ̀fun!" ni ó pariwo. "Ẹ kọ́kọ́ gbé ìyẹ̀fun!"

"Sí ibo?" ni Alágbèéká béèrè.

Ibì kan ṣoṣo ló wà. Ó-Ku-Díẹ̀ gbé ọpọ́n ìyẹ̀fun mọ́ra, ó sáré gbé e wọ ilé ẹ̀rọ. Wọ́n kó agolo wọlé. Wọ́n padà síta, òun, ìyàwó rẹ̀, Alágbèéká àti aládùúgbò tó gbọ́ ariwo, wọ́n gbé ààrò náà kúrò lórí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́ torí ó gbóná, wọ́n wọ́ ọ, wọ́n tì í, wọ́n bú u, títí ó fi dé abẹ́ òrùlé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn ṣe wọlé ni ikùn tapólì bẹ́ lẹ́yìn wọn, omi sì dà sórí ilẹ̀ òfìfo gbàà.

Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń mí. Òjò ń lu páànù lókè. Oníbúrẹ́dì gbé ojú sókè. Ó wo igun òrùlé, ó wo àárín, ó wo ibi tí páànù ti pàdé páànù. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta bí ẹni ń tọrọ nǹkan, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹ̀kán omi kan tó bọ́ sí i.

"Ọ̀gá mi," ni Alágbèéká wí, ó ń fún omi jáde lára ẹ̀wù rẹ̀, "ta ló kọ́ ibí yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ mọ iṣẹ́ o! Kí lẹ kọ́ ọ fún?"

Ó-Ku-Díẹ̀ wo bàtà rẹ̀. Aládùúgbò, tó mọ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀, ti ń la ẹnu láti dáhùn. Ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì ti ṣíwájú rẹ̀.

"Èmi ló kọ́ ọ fún," ni ó wí. "Ilé búrẹ́dì mi ni. Kò fẹ́ kí n mọ̀ títí ó fi máa parí ni."

Ojú rẹ̀ kò kúrò lára òrùlé bó ṣe ń sọ ọ́. Ó-Ku-Díẹ̀ wò ó, ó rí igun ẹnu rẹ̀ tó ń gbọ̀n, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí òtútù. Ó pinnu lọ́kàn pé òun ò ní béèrè láéláé.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó tún gbé ààrò náà kúrò níbẹ̀. Ilé tí wọ́n wọ̀n fún gẹdú gùn tó fún ààrò, fún àpò ìyẹ̀fun, àti fún ààrò kejì bó bá di pé ó délẹ̀. Alágbèéká padà wá, ó la ìyókù igi, wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀: pákó ilé-ìwé dúró sókè, igi bàbá ìyàwó gba ipò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé rí bẹ́ǹṣì tó dára ju èyí tó ń retí lọ, ó sì fi gbogbo ẹnu sọ fún káfíńtà pé òun ṣì ń ṣọ́ ọ. Ní ti Ó-Ku-Díẹ̀, ó ti padà sídìí àpótí kan tí ó ń ro ẹsẹ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò.

Pátákó tó kọ ILÉ ÌLAGI ALÁGA sí lára, ìyàwó rẹ̀ ló rí i níbi tó fi pa mọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yìn ín pé ó fẹ̀, ó sì ń dán. Ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ tábìlì, ojú tí ọ̀dà wà sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń po ìyẹ̀fun lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìṣó bọ́ lọ́wọ́ Ó-Ku-Díẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì náà. Ó kúnlẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí ara rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá lókè orí. Ó jókòó síbẹ̀, ẹ̀rín sì gbà á.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè láti òkè, ọwọ́ rẹ̀ ń lu ìyẹ̀fun gbì, gbì.

"Èmi àti Alága la jọ ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ fún un pé kó bá mi gbé àpò ìyẹ̀fun kan wá."